Bí Ìlú Bá Le, Òótọ́ Ló Ń Ta Ìbọn Àlòkù

Ìlú Ọba ni a ti fẹ́ nájà lálẹ́ yìí, ọjà tí a sì fẹ́ yẹ̀ wò kì í ṣe ti oúnjẹ, kì í ṣe ti aṣọ. Ọjà ìbọn afẹ́fẹ́ àlòkù ni.

Ìbọn afẹ́fẹ́ ni ìbọn tí kì í lo ẹ̀tù. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ ló ń ti ọta òjé kékeré jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ̀ ọ́n láti ilé ní Nàìjíríà, torí irú rẹ̀ ni àwọn kan fi ń yin ẹyẹ lóko. Ní Ìlú Ọba níbí, àgbẹ̀ a máa fi pa eku nínú abà. Ẹlòmíràn a gbé pátákó àmì kalẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, a máa yìn ín sí i ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Àwọn mìíràn sì wà nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìdíje field target, eré tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1980. Àwòrán ẹranko tí wọ́n fi irin ṣe ni wọ́n máa ń yìnbọn sí nínú eré náà, bí ọta bá sì gba inú ihò tó wà lára rẹ̀ kọjá, àwòrán náà á ṣubú.

Láti bí ọdún mélòó kan wá, ẹni tó bá ní òun fẹ́ ta ìbọn afẹ́fẹ́ òun máa ń dúró pẹ́. Ẹnì kan á béèrè iye rẹ̀, á ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kò ní yọjú. Ẹlòmíràn á dá ìdajì owó, á sì bá tirẹ̀ lọ. Oṣù á parí, òmíràn á wọlé, ìbọn ò kúrò nínú àpótí. Àwọn tó ń tà ti ń sọ pé ọjà ti kú. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló ń ba ọjà náà. Ohun kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ kí ẹ mú lọ lálẹ́ yìí: bí ìlú bá le, ẹni tó ń tà ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń rà, kí wọ́n tó ra ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ìlú ṣe le. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ọ̀wọ́n gógó ọjà ní Ìlú Ọba dé ìdá 11.1 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó ga jù láti ogójì ọdún ó lé ọ̀kan. Owó gáàsì àti iná mànàmáná ló ṣáájú, pàápàá lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà kógun wọ Ukraine ní oṣù Kejì ọdún yẹn. Oúnjẹ tẹ̀ lé e. Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ń gbé èlé sókè kí ọ̀wọ́n gógó lè rọlẹ̀. Ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni èlé náà wà títí di oṣù Kejìlá ọdún 2021. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ó ti di ìdá 5.25. Ọ̀pọ̀ ẹni tó fi owó báńkì ra ilé rí i pé gbèsè oṣooṣù òun ti lé sí i.

Ẹ ó ní, ṣebí ọ̀wọ́n gógó ti rọlẹ̀ lẹ́yìn náà? Ó rọlẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ kí ọ̀wọ́n gógó rọlẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ọjà padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀. Ó kàn ń gbówó lórí díẹ̀díẹ̀ ni, dípò kó máa fò sókè. Ẹrù tó ti gun orí wa kò tíì sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí bàbá àti ìyá bá wá jókòó ti ìwé ìṣirò ilé, owó ilé á gba tirẹ̀, iná á gba tirẹ̀, oúnjẹ àti aṣọ iléèwé àwọn ọmọ á gba tiwọn. Ìbọn afẹ́fẹ́ ò sí nínú ohun tí a ò lè ṣe aláìní. Níbẹ̀ ni nǹkan méjì ti ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó nílò owó á wo inú kọ́bọ́ọ̀dù, á rí ìbọn méjì tí kò lò láti ọdún tó kọjá, á gbé ọ̀kan síta. Ẹni tí ì bá rà á náà ń ṣe ìṣirò kan náà nílé tirẹ̀, ó sì ti fi owó rẹ̀ pa mọ́. Àwọn tó ń tà pọ̀ sí i, àwọn tó ń rà dín kù.

Ẹ lè rò pé owó ìbọn náà á wá já wálẹ̀ pátápátá. Kì í fi bẹ́ẹ̀ já. Tòmátò ló ń jẹrà, òun ni ìyá ọlọ́jà gbọ́dọ̀ tà lónìí ní iyekíye. Ìbọn kì í jẹrà. Bí wọ́n bá fi òróró díẹ̀ pa irin rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e síbi tí kò ní ọ̀rinrin, ó lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún, kò jẹun, kò mu omi. Torí náà, ẹni tó ń tà á ní òun á dúró. Ẹni tó ń rà á ní òun náà á dúró, bóyá ó máa wálẹ̀ sí i. Àwọn méjèèjì wá ń dúró de ara wọn, ọjà dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni àwọn èèyàn ń pè ní ikú.

Ohun tó tún ń fà á ni ìṣirò tí ẹni tó ń tà ti ṣe lọ́kàn. Ká ní ẹnì kan ra ìbọn ní 600 pọ́n-ùn. Ó fi 250 ra awò tí wọ́n ń gbé sórí ìbọn, ó fi 150 ra ìdí igi tuntun tó rẹwà, ó sì fi 50 ra àpò rẹ̀. Lọ́kàn tirẹ̀, ìbọn 1,050 pọ́n-ùn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú ẹni tó ń rà, ìbọn àlòkù kan ni, tó ti jáde ní ṣọ́ọ̀bù, tí kò ní ìwé ìdánilójú mọ́. Ìdí igi tó rẹwà yẹn lè má bá èjìká rẹ̀ mu. Awò yẹn, ó lè ní irú rẹ̀ nílé. Ẹni tó ń rà kì í san owó ohun tí a ti ná, ohun tó máa wúlò fún un ló ń sanwó rẹ̀. Bí owó bá pọ̀ níta, àlàfo tó wà láàárín ìṣirò méjèèjì yìí kì í le láti dí. Bí ìlú bá le, ó di odò.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ẹ̀rù ti wọlé. Ní ọdún 1970, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan ní Amẹ́ríkà, George Akerlof, kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó fi ọjà mọ́tò àlòkù ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní ẹni tó ń tà mọ àìsàn tó ń ṣe mọ́tò rẹ̀, ẹni tó ń rà ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹni tó ń rà ò ti lè mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára, kò ní dá owó èyí tó dára lé ìkankan. Ẹni tí mọ́tò tirẹ̀ dára gan-an á wo owó tí wọ́n dá, á gbé mọ́tò rẹ̀ padà sílé. Èyí tí kò dára ló máa ṣẹ́ kù lọ́jà, àwọn tó ń rà á tún wá dín owó sí i. Bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ọjà lè tú ká. Ní ọdún 2001, Akerlof gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú Michael Spence àti Joseph Stiglitz lórí irú ìmọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra mọ́tò tòkunbọ̀ rí ti mọ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ kí ó tó sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ìbọn afẹ́fẹ́. Nígbà tí owó wà, ẹni tó fi 200 pọ́n-ùn ra ìbọn tó sì rí i pé ó ń jò á ní kò burú, á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, á san 80 sí i, ó parí. Nígbà tí ìlú le, 200 yẹn ni gbogbo ohun tó fi oṣù mẹ́fà tọ́jú. Kò sí 80 kankan lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìbọn náà bá ní àrùn, owó rẹ̀ ti wọ igbó nìyẹn. Ẹ ò rí i pé ẹni yìí ò ní jẹ́ tètè ná owó náà? Àìrówó ní tirẹ̀ ti burú, àìmọ̀ ló tún wá bu iyọ̀ sí i.

Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Wọ́n rí i kí wọ́n tó sọ ọ́. Nígbà tí owó bá ń ṣàn, ọ̀rọ̀ dídùn a máa tà ju òótọ́ lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ wo bí nǹkan ṣe ń yí padà nígbà tí owó bá wọ́n. Ẹni tí kò ní owó méjì kì í lè ra èké. Òótọ́ nìkan ni agbára rẹ̀ ká. Ẹni tó bá gbé òótọ́ wá sí ọjà ìbọn àlòkù lákòókò yìí, ọjà tirẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀.

Kí ni òótọ́ náà? Ó sinmi lé irú ìbọn tó wà lọ́wọ́ ẹni. Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀. Èkíní ni onísípíríǹgì. Ẹ ó ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ wálẹ̀, tàbí kí ẹ fa ọ̀pá tó wà lábẹ́ rẹ̀, sípíríǹgì inú rẹ̀ á sì ká jọ. Bí ẹ bá ti fi ìka fà á, sípíríǹgì á tú, á ti pístọ̀nù síwájú, afẹ́fẹ́ iwájú pístọ̀nù á fún pọ̀, ọta á jáde. Ohun tó ń gbó lára rẹ̀ ò pọ̀: sípíríǹgì lè wọ́ tàbí kó ṣẹ́, síìlì tó wà lórí pístọ̀nù lè jẹ. Owó àwọn méjèèjì ò pọ̀, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà sì lè pààrọ̀ wọn lórí tábìlì. Ìdí nìyẹn tí ìbọn Weihrauch fi máa ń rí ẹni rà á kódà nígbà tí ọjà dákẹ́. Ilé-iṣẹ́ ará Jámánì ni, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1899, tó sì wà ní ìlú Mellrichstadt báyìí. HW77 àti HW80 rẹ̀ ti jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n ṣì ń ṣe wọ́n. Ẹni tó bá ra èyí tó ti gbó mọ̀ pé ẹ̀yà ara rẹ̀ ò ní wọ́n òun.

Oríṣi kejì ni èyí tí wọ́n ń rọ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ sílẹ̀, tí àwọn tó ń lò ó ń pè ní PCP. Afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà rẹ̀ sábà máa ń tó 200 bar, tí í ṣe bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti inú táyà mọ́tò. Kì í fò lọ́wọ́ ẹni, ọta rẹ̀ sì máa ń lọ sí ibi tí a bá rán an. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rà á ti ra ẹrù mọ́ ọn. Ó nílò sìlíńdà ńlá bíi ti àwọn òmùwẹ̀, tàbí pọ́ǹpù ọwọ́ tó lágbára. Ó yẹ kí wọ́n yẹ sìlíńdà ńlá náà wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sì máa ń wà lára irin rẹ̀. Àwọn rọ́bà róbótó inú ìbọn náà ń gbẹ, afẹ́fẹ́ sì ń gba ibẹ̀ jò. Fún ẹni tí ò ní ìkankan nínú ohun èlò wọ̀nyí, ìbọn PCP tó dà bíi pé ó pọ́ọ́kú lè wá di ọ̀wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ta irú rẹ̀, ẹ ro ó wò bóyá ẹ lè ta ìbọn àti sìlíńdà pọ̀. Ó máa ń yá ju kí ẹ ta ọ̀kan kí òmíràn máa wò yín nílé.

Oríṣi kan tún wà tó ní ọjà tirẹ̀, ìyẹn àwọn ìbọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ilé-iṣẹ́ BSA, tí àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn dá sílẹ̀ ní Birmingham ní ọdún 1861, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìbọn afẹ́fẹ́ ní ọdún 1905 láti inú àwòṣe ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lincoln Jeffries. Webley náà, ilé-iṣẹ́ Birmingham mìíràn, gbé ìbọn afẹ́fẹ́ ọlọ́wọ́ kan (pistol) rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1924. Ó ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ pa ní ìparí ọdún 2005. Àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ ló ń ra ìwọ̀nyí, ojú tí wọ́n sì fi ń wò ó yàtọ̀. Bó ṣe jáde láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fi sáńpépà ha ìpẹtà rẹ̀, tó tún kun ún kó lè dán, ti dín owó ara rẹ̀ kù. Bí wọ́n bá sì ti ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ yín, ẹ sọ ọ́. Ojú àwọn akójọ wọ̀nyí mú, wọ́n máa rí i.

Ó kan òfin. Bí ìlú bá le, òfin ni ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wu èèyàn láti fò kọjá, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ kí ẹ dúró lé. Ní England àti Wales, ìbọn afẹ́fẹ́ gígùn tí agbára rẹ̀ kò bá ju 12 foot-pound lọ kò nílò ìwé àṣẹ. Ti ọlọ́wọ́ kan, kò gbọ́dọ̀ ju 6 lọ. Bí ti gígùn bá kọjá 12, ó ti di ìbọn tí ó nílò ìwé àṣẹ ọlọ́pàá, ẹni tó ń tà á láìgbàwé àti ẹni tó ń rà á sì ti wọ ìjọ̀ngbọ̀n. Torí náà, agbára ìbọn ni òótọ́ àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wọn eré ọta, chronograph ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ayìnbọn ló sì ní in. Ẹ fi ìwọ̀n ọta lọ́nà grain sọ eré rẹ̀ lọ́nà ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan di púpọ̀, ẹ tún fi eré náà sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ wá fi 450,240 pín in. Ọta 8.44 grain tó ń sáré 780 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan á fún yín ní nǹkan bí 11.4. Ìyẹn wà nínú òfin. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sọ orúkọ ọta tí ẹ lò àti ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, ẹni tó bá ń ta ìbọn afẹ́fẹ́ gẹ́gẹ́ bí òwò gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ojúkojú ló sì gbọ́dọ̀ fà á lé ẹni tó rà á lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù kan lè fi ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn tó sún mọ́ ẹni tó rà á, kí ẹni náà lọ gbà á níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè gba owó iṣẹ́. Ẹni tó ń ta ti ara rẹ̀ ò jẹ́ oníṣòwò, síbẹ̀ ojúkojú náà ló bọ́gbọ́n mu fún un. Èyí wà lára ohun tó ń fa ọjà yìí sẹ́yìn. Ẹni tó wà ní Bristol tó rí ìbọn tó wù ú ní Newcastle á ṣírò epo mọ́tò, á ní kò tọ́ sí i.

Àmọ́ ojú lọ̀rọ̀ wà. Ohun tó ń fa ọjà sẹ́yìn yìí náà ló lè gbé e dìde. Nígbà tí ẹni méjì bá dúró síwájú ara wọn, tí ìbọn wà lórí tábìlì, tí ẹ̀rọ ìwọn-eré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èké á sá lọ. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹgbẹ́ ayìnbọn ni kí ẹ ti pàdé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rà á yìn ín fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ bó ṣe ń dún. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu àmì kì í pẹ́ kó tó yọ owó.

Nípa ọjọ́ orí: ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 ò gbọ́dọ̀ ra ìbọn afẹ́fẹ́, a ò sì gbọ́dọ̀ tà á fún un. Ẹni tí wọ́n bá ti rán lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta títí dé ìsàlẹ̀ ọdún mẹ́ta ò gbọ́dọ̀ ní i fún ọdún márùn-ún. Ẹni tó bá gba ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ò gbọ́dọ̀ ní i títí ayé. Ní Scotland, láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2016, ẹni tó bá máa ní ìbọn afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ní Northern Ireland náà, ìwé àṣẹ ni. Bí owó ilé bá ń lé yín, tí ẹni tó wá rà á ò fẹ́ fi ìwé ìdánimọ̀ hàn, ẹ gbé ìbọn yín padà sílé. Ebi oṣù kan á lọ. Ohun tí ìbọn bá ṣe lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ kò ní lọ.

Òfin lè pa owó ìbọn náà pátápátá. Àwọn ìbọn afẹ́fẹ́ kan wà nígbà kan tó ń lo katiriji tí gáàsì wà nínú rẹ̀, Brocock sì ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ wọ́n sí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2004, ìjọba fòfin dè wọ́n, wọ́n sì ní kí àwọn tó ní i gba ìwé àṣẹ tàbí kí wọ́n dá a padà kó tó di ìparí oṣù Kẹrin. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ nínú ẹrù ẹni tó ti lọ, ẹ má gbé e síta pé ẹ fẹ́ tà á. Ọlọ́pàá ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń rò ó pé bí kò bá tà níbí, ẹ ó fi ránṣẹ́ sílé, ẹ dákun, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà, tó ti wà láti ọdún 1959, ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn ìbọn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ní láìgbàwé àṣẹ. Ẹ má fi àpótí ẹrù kan kó àbúrò yín sí wàhálà.

Ó yá, báwo ni olóòótọ́ ṣe ń polówó? Ẹ gbọ́ ọ báyìí: “Èmi ni ẹni kejì tó ni ìbọn yìí. Mo pààrọ̀ sípíríǹgì àti síìlì rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ìwé owó rẹ̀ nìyí. Mo wọn agbára rẹ̀ lóṣù tó kọjá, 11.4 ni. Igi rẹ̀ fi ara gbá nǹkan lápá ọ̀tún, àwòrán ibẹ̀ nìyí. Mo ń tà á torí pé mo nílò owó ilé. Iye tí mo ń gbà nìyí, bí ẹ bá wá wò ó tí kò rí bí mo ṣe sọ, ẹ máa lọ láìsan kọ́bọ̀.” Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kúrú tó. Síbẹ̀, gbogbo ìbéèrè tó ń jẹ́ kí ẹni tó ń rà máa fà sẹ́yìn ló ti dáhùn. Àlébù tí ẹ fi ẹnu ara yín sọ kì í dín owó tó èyí tí ẹni tó ń rà fi ojú ara rẹ̀ rí. Bó bá rí ẹyọ kan tí ẹ fi pa mọ́, á rò pé mẹ́wàá ṣì wà.

Ní ti iye owó, ẹ wo ohun tí irú ìbọn yín ti tà gan-an láìpẹ́ yìí. Iye tí àwọn mìíràn ń bẹ̀rẹ̀ láti gbà kọ́ ni mo ní kí ẹ wò, torí ìwọ̀nyẹn náà ṣì wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì tà. Ẹ ta awò sọ́tọ̀ bí owó ìbọn àti awò bá pọ̀ jù fún ẹnì kan. Bí ẹ bá sì nílò owó kíákíá, ọ̀nà kan ò wọ ọjà: ẹ lè gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á dá owó tó kéré, torí àwọn náà fẹ́ jẹ èrè, ṣùgbọ́n wọ́n á gba ìdààmú rẹ̀ kúrò lọ́rùn yín.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, òótọ́ kan yín náà. Ẹ má sọ pé ẹ ń bọ̀ bí ẹ ò bá ní wá. Ẹ má fojú àìní ẹlòmíràn wo ọjà rẹ̀ kí ẹ wá dá ìdámẹ́ta owó lé e. Ẹ béèrè ohun tó yẹ: ìgbà wo ni wọ́n tún un ṣe? Ọta wo ló fẹ́ràn? Bí ó bá jẹ́ PCP, ẹ ní kí wọ́n rọ ọ́ kún lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ wá wo géèjì rẹ̀ láàárọ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ti wálẹ̀, ó ń jò nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ onísípíríǹgì, ẹ fetí sí i. Bó bá ń dún gbọ̀ngbọ̀n, tó ń gbọn ọwọ́, sípíríǹgì rẹ̀ ń fẹ́ àtúnṣe, ẹ yọ owó àtúnṣe náà kúrò nínú ohun tí ẹ máa san. Ẹ rántí pé ẹni tó rà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù ní Òfin Ẹ̀tọ́ Oníbàárà ọdún 2015 lẹ́yìn rẹ̀: ọjà gbọ́dọ̀ dára, ó gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rà á fún. Ẹni tó rà lọ́wọ́ ẹnì kan lásán ò ní tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣàpèjúwe fún un ló lè dúró lé, torí náà ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi polówó. Nígbà tí ẹ bá ń gbé e lọ sílé, kó wà nínú àpò rẹ̀, kí ọta má sí nínú rẹ̀. Gbígbé ìbọn afẹ́fẹ́ káàkiri ní gbangba láìnídìí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ń yìn ín lẹ́yìnkùlé, ọta ò gbọ́dọ̀ kọjá ààlà ilẹ̀ yín.

Mo gbà pé ọjà yìí á tún yá. Ẹni tó ra ìbọn tó dára lọ́wọ́ olóòótọ́ lónìí á mú un lọ sí ẹgbẹ́, á sọ ibi tí ó ti rà á, ẹlòmíràn á sì gbójúgbóyà láti ra tirẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta sí i, òun náà lè fẹ́ tà á, á sì tà á bí wọ́n ṣe tà á fún òun. Bí wọ́n ṣe ń wo ẹ̀rù sàn nínú ọjà nìyẹn. Ìjọba kọ́ ló máa ṣe é, Báńkì Àpapọ̀ kọ́. Àwa tí ìbọn wà lọ́wọ́ wa ni.

Torí náà, ẹ̀yin tí ìbọn yín ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ọjọ́ yìí, ẹ gbé e jáde lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Ẹ nu ún, ẹ wọn agbára rẹ̀, ẹ jókòó kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ sílẹ̀, ti dáadáa àti ti búburú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó dá iye lé e. Kí Ọlọ́run bá wa dẹ ìlú lára o.